Obìnrin aláṣọ funfun tó ń fò lórí tábìlì ìjẹun wa

Àwòrán obìnrin aláṣọ funfun yẹn gan-an ò tóbi rárá. Tẹ́ ẹ bá lọ wò ó níbi tó wà ní Autry Museum ní Los Angeles, gbogbo ẹ̀ ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40 sí 29 lọ, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bò ó tán. Puzzle tí èmi àti Màámi wá tò lórí tábìlì, ìyẹn àwòrán tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ kéèyàn lè tún un tò padà, oní píìsì 1000, 70 sí 50 ni, ìyẹn ni pé ohun tí àwa tò fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta tóbi ju ohun tí John Gast fi búrọ́ọ̀ṣì yà ní 1872. Ẹ fi èyí sọ́kàn ná, torí òun gan-an ló jẹ́ kí n máa kọ èyí. Nǹkan tí ọkùnrin yẹn yà wínníwínní sí kọ̀rọ̀ kan, kí èèyàn má baà wò ó pẹ́, àwa ti mú un lọ́wọ́, a ti yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, Màámi ti fi ìgò wọn wò ó lábẹ́ iná.

American Progress lorúkọ ẹ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ tó ń lọ iléèwé nílẹ̀ Amẹ́ríkà á ṣeé ṣe kó ti rí i nínú ìwé ìtàn wọn, lójú ewé tí wọ́n ti ń sọ bí àwọn òyìnbó ṣe kúrò létí òkun ní ìlà oòrùn tí wọ́n ń gba ilẹ̀ lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Obìnrin gbàgbàrà kan ló wà láàárín, ó ń fò lójú òfuurufú, aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ti fẹ́ẹ́ bọ́ lára ẹ̀ ló wọ̀, irun gígùn ń fẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, ìràwọ̀ kan wà níwájú orí ẹ̀. Ìwé wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀, wáyà tẹlígíráàfù wà lọ́wọ́ òsì, ó ń tú wáyà náà sílẹ̀ bó ṣe ń lọ. Lábẹ́ ẹ̀ làwọn tó ń bá a bọ̀ wà, reluwé mẹ́ta, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tó ń kó èrò, kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n fi kánfáàsì bò, àwọn tó ń wá góòlù, ẹni tó ń gun ẹṣin kó lẹ́tà, àgbẹ̀ tó ń fi màlúù túlẹ̀, gbogbo wọn kọjú sí apá òsì. Ní apá òsì pátápátá, nínú òkùnkùn, làwọn onílẹ̀ wà, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tó ti ń gbé ibẹ̀ kí òyìnbó tó dé, àwọn àti ẹṣin wọn àti ajá wọn, pẹ̀lú agbo ẹfọ̀n àti béárì kan, gbogbo wọn ń sá.

Aládùúgbò wa kan ló ń ta ẹrù ilé níwájú gàréèjì ẹ̀, mo rí páálí puzzle yìí láàárín àwo àti àtùpà, mo san dọ́là méjì. Mi ò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ wo ohun tó wà lára ẹ̀, Màámi ni mo rà á fún. Wọ́n wá bá wa tọ́jú àwọn ìbejì, òtútù Dallas lọ́dún yẹn kì í ṣe kékeré, wọn ò lè jáde, tẹlifíṣọ̀n ibí sì ti sú wọn, wọ́n ní gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe lórí ẹ̀ kò ju kí wọ́n máa ta oògùn lọ. Mo gbé páálí náà kalẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, ta lèyí? Ṣé Màríà ni àbí áńgẹ́lì? Ó jọ èyí tí wọ́n máa ń yà sára kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì."

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ kà nípa ẹ̀ mo rí i pé Màámi ò jìnnà sí òótọ́ rárá. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Crofutt ló gbé iṣẹ́ náà fún Gast, òun ló sì sọ ohun tó fẹ́ kó wà nínú ẹ̀. Iṣẹ́ Crofutt ni kó máa tẹ ìwé atọ́nà fáwọn tó ń wọ reluwé lọ sí ìwọ̀ oòrùn, torí May 10, 1869 ni wọ́n so reluwé ìlà oòrùn pọ̀ mọ́ ti ìwọ̀ oòrùn ní Promontory Summit, Utah, èrò wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ. Ó ní kí wọ́n tẹ àwòrán yẹn ní àwọ̀ mèremère, ó ń fi ta àwọn oníbàárà ẹ̀ lọ́rẹ. Ìpolówó ọjà ni, ẹ jàre. Àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń kọ̀wé nípa ẹ̀ bíi pé ìran ni Gast rí lórí òkè, ẹni tó ń ta ìwé ìrìnàjò ló sì wà nídìí ọ̀rọ̀.

Crofutt yìí náà kọ àlàyé sí i. Nínú àlàyé yẹn ó ní ìlú ńlá, ọkọ̀ ojú omi, ilé-iṣẹ́, iléèwé àti ṣọ́ọ̀ṣì ló wà ní apá ọ̀tún, ìmọ́lẹ̀ ń ràn sórí wọn, apá òsì ní tiẹ̀ jẹ́ òkùnkùn, ìfiṣòfò àti rúdurùdu. Ó ní àwọn onílẹ̀ yí ojú tó kún fún àìnírètí padà sí ìran àrà yẹn bí wọ́n ṣe ń sá lọ. Ó wá fi gbólóhùn kúkúrú kan tẹ̀ lé e pé "Ìràwọ̀" náà ti pọ̀ jù fún wọn. Mo ka ìyẹn fún Màámi lórí fóònù mi, mo túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá fún wọn. Wọ́n ní, "Ìràwọ̀ kẹ̀? Ìbọn ńkọ́?"

Ẹ jẹ́ kí n ya bàrá díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ puzzle fúnra ẹ̀ náà ní ìtàn. Ọkùnrin kan ní London, John Spilsbury, tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ kó máa gbẹ́ máàpù tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í tà á láàárín ọdún 1760 sí 1769. Ó máa ń lẹ máàpù mọ́ pátákó, á fi ayùn gé e tẹ̀ lé ààlà orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, àwọn olówó á rà á fáwọn ọmọ wọn kí wọ́n lè fi kọ́ jọ́gíráfì. Lady Charlotte Finch tó ń tọ́jú àwọn ọmọ Ọba George Kẹta náà lo irú máàpù gígé yìí láti kọ́ wọn. Spilsbury ní ti gbogbo ayé, ti Yúróòpù, ti Éṣíà, ti Amẹ́ríkà, ti Áfíríkà náà ò gbẹ́yìn. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí kò ní òkun nínú, ilẹ̀ nìkan, owó ìyẹn kéré. Mo fi ọwọ́ lérán nígbà tí mo ka ibẹ̀. Àwọn ọmọ ọba òyìnbó ti ń fi ọwọ́ kékeré mú Áfíríkà ní píìsì píìsì, wọ́n ń dá a padà sínú àpótí tí wọ́n bá ṣeré tán, ó sì kù ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí àwọn àgbà wọn tó jókòó ní Berlin ní November 1884. Nítorí náà ẹni tó bá ní kí n má fi ọ̀rọ̀ òṣèlú ba eré jẹ́, mo máa sọ fún un pé inú kíláàsì ìjọba amúnisìn ni eré náà ti jáde wá.

Ó dáa, ká padà sórí tábìlì.  Tíṣà ni Màámi kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣe kíláàsì ni wọ́n gbà ṣe puzzle. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ ṣa gbogbo píìsì tó ní etí títọ́, wọ́n kó èyí tó kù sínú abọ́ ìrẹsì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: abọ́ ojú ọ̀run, abọ́ aṣọ funfun, abọ́ pápá, abọ́ "dúdú-dúdú yìí". Ẹni tó bá ti to puzzle rí á mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Apá ọ̀tún yá. Obìnrin yẹn kò tiẹ̀ gbà wá lákòókò kankan, aṣọ ẹ̀ funfun, ara ẹ̀ mọ́ roro, gbogbo píìsì ẹ̀ ń pe ara wọn. Ìwé, wáyà, ìràwọ̀, gbogbo ẹ̀ ti jókòó. Reluwé yá torí èéfín ẹ̀. Afárá òkè odò yá. Àgbẹ̀ àti màlúù ẹ̀ yá torí ilẹ̀ tí wọ́n ń tú náà mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn la wá kan "dúdú-dúdú yìí". Ọlọ́run mi. Píìsì bíi ọgọ́rùn-ún mélòó kan, gbogbo ẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ pupa ràkọ̀ràkọ̀ tàbí ewé tó ti ṣú, kò sí èyí tó yàtọ̀ sí ìkejì ẹ̀ àfi téèyàn bá gbé e súnmọ́ iná. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan. Màámi á mú ọ̀kan, wọ́n á ní, "Apá èèyàn nìyí, kì í ṣe igi." Èmi á mú òmíràn, mo rò pé òkúta ni, ẹsẹ̀ ẹṣin ni. A rí ẹṣin kan tó ń wọ́ igi gígùn méjì nílẹ̀, wọ́n ti di ẹrù ilé wọn mọ́ ọn, èèyàn sì wà lórí ẹrù. A rí ajá. A rí ọkùnrin tó di ohun ìjà mú ṣùgbọ́n tí kò bá ẹnikẹ́ni jà. A rí ojú kan tó bojú wẹ̀yìn, kò tó èékánná ìka ọmọńdinrín mi, Màámi tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó yẹ kó wà, wọ́n sì fi ìka wọn sórí ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Òun ni mo fẹ́ sọ látẹ̀yìn wá. Gast ya obìnrin yẹn kó lè jẹ́ pé òun lèèyàn á máa wò, ó sì da òkùnkùn bo àwọn tó ń sá kí ojú lè tètè kúrò lára wọn. Tó o bá dúró níwájú ẹ̀ ní mùsíọ́mù, tàbí tó o ń ṣí ìwé ìtàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ojú ẹ máa ṣe: obìnrin, reluwé, ìmọ́lẹ̀, ó tán. Ṣùgbọ́n puzzle ò mọ̀ ọ́n. Ayùn tó gé e ò mọ ẹni tó ṣe pàtàkì. Bó ṣe gé obìnrin náà ló gé béárì, iye píìsì tó bọ́ sí ibi tó ṣókùnkùn ò dín kù nítorí pé Crofutt ò fẹ́ ká dúró níbẹ̀, òkùnkùn tó fi bò wọ́n gan-an ló wá sọ ibẹ̀ di ibi tó le jù. Ìrọ̀lẹ́ tí a fi to obìnrin yẹn ò tó nǹkan. Àwọn onílẹ̀ ló gba gbogbo àkókò yòókù. Mi ò rò pé ẹni tó ṣe puzzle náà ronú kan ìyẹn, páálí ẹ̀ ò tiẹ̀ sọ nǹkan kan nípa àwòrán yẹn ju orúkọ ẹ̀ àti orúkọ ẹni tó yà á lọ, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kí ọmọ kékeré má gbé píìsì mì.

(Rárá, kò sí píìsì kankan tó sọnù. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kan ti ń retí ìyẹn. Taiwo fi ọ̀kan sẹ́nu lóòótọ́, a yọ ọ́.)

Téèyàn bá wà níbì kan pẹ́ bẹ́ẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè. Màámi ló ń béèrè, èmi ni mo ń wá a lórí fóònù. Wọ́n béèrè nípa ẹni tó ń gun ẹṣin kó lẹ́tà, mo rí i pé Pony Express nìyẹn, April 1860 ló bẹ̀rẹ̀, October 1861 ló sì kógbá sílé, torí wáyà tẹlígíráàfù ti dé, ẹṣin ò lè bá wáyà sáré. Ìyẹn ni pé nígbà tí Gast ń ya ọkùnrin yẹn, iṣẹ́ ẹ̀ ti kú ní bí ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, wáyà tó pa iṣẹ́ náà ló wà lọ́wọ́ obìnrin tó ń fò lókè orí ẹ̀. Màámi ní, "Ó ń bá ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ rìn, kò mọ̀."

Wọ́n béèrè nípa ẹfọ̀n. Mo rò pé mo mọ ìtàn yẹn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ọjọ́ tí Gast ń yà á gan-an ni ìpakúpa náà ń gbóná. Láti nǹkan bí 1871 làwọn ilé-iṣẹ́ ti rí ọgbọ́n dá sí i láti fi awọ ẹfọ̀n ṣe bẹ́líìtì tó ń yí ẹ̀rọ, awọ wá di owó, àwọn ọdẹ wọ reluwé lọ, wọ́n ń yìnbọn pa wọ́n, wọ́n ń bó awọ, wọ́n ń fi ẹran sílẹ̀ kó rà. Àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ fojú bù ú pé mílíọ̀nù 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1800 wọ̀nyẹn. Nígbà tó fi máa di 1889, nǹkan bíi 1000 péré ló kù. Ẹran yẹn ni oúnjẹ, aṣọ àti àgọ́ àwọn Lakota, Cheyenne, Comanche àtàwọn mìíràn ní pápá. Nínú àwòrán, ẹfọ̀n ń sá nítorí obìnrin kan tó ń tàn yanran. Kò sí ọdẹ kankan tó ń yìnbọn sí wọn. Kò sí ṣọ́jà náà. Ẹ wo gbogbo píìsì 1000 yẹn látòkè délẹ̀, ẹ ò ní rí ẹyọ ṣọ́jà kan, bẹ́ẹ̀ ìjọba ní ṣọ́jà káàkiri gbogbo ilẹ̀ yẹn nígbà náà.

Lára àwọn ṣọ́jà wọ̀nyẹn, aláwọ̀ dúdú wà. Ìyẹn yà mí lẹ́nu díẹ̀. Ní 1866, lẹ́yìn ogun abẹ́lé wọn, ìjọba dá ẹgbẹ́ ológun ẹlẹ́ṣin méjì sílẹ̀, 9th àti 10th Cavalry, dúdú ni gbogbo àwọn ọmọ ogun ibẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú oko ẹrú ni, wọ́n sì rán wọn lọ bá àwọn onílẹ̀ jà níhìn-ín ní Texas àti káàkiri. Buffalo Soldiers ni wọ́n ń pè wọ́n. Kò ya Màámi lẹ́nu rárá, wọ́n ní ta ni mo rò pé ó tẹ̀ lé òyìnbó lọ jagun Ìjẹ̀bú ní 1892, wọ́n ní ṣé òyìnbó nìkan ló rìn láti Èkó lọ sí Ìmàgbọ̀n ni? Òótọ́ ni. Dúdú ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ ogun tí wọ́n kó lọ.

Àwọn tó ṣe ojú irin náà ò sí nínú àwòrán. Ní apá California, àwọn ará Ṣáínà tó lé ní 10,000 ló gé òkè, tó gbẹ́ ihò la àpáta Sierra Nevada já fún ilé-iṣẹ́ Central Pacific, nígbà tó di 1882 ìjọba kan náà ṣòfin pé kí lébìrà Ṣáínà má wọlé mọ́. Reluwé mẹ́ta ló wà nínú iṣẹ́ Gast, ará Ṣáínà kan ṣoṣo ò sí.

Ìwé tó wà lọ́wọ́ obìnrin tó ń fò yẹn ló mú wa pẹ́ jù, bóyá torí pé tíṣà ni Màámi. Crofutt ní àmì ẹ̀kọ́ ni, ìwé iléèwé ni. Ọdún méje lẹ́yìn àwòrán yìí, ní 1879, ọ̀gá ológun kan tó ń jẹ́ Richard Henry Pratt ṣí iléèwé kan nínú bárékè àtijọ́ ní Carlisle, Pennsylvania, ó kó àwọn ọmọ Lakota wá láti ọ̀nà jíjìn, àwọn ọmọ ẹ̀yà mìíràn tẹ̀ lé wọn. Wọ́n gé irun wọn. Wọ́n fún wọn lórúkọ òyìnbó. Wọ́n ní wọn ò gbọ́dọ̀ sọ èdè wọn. Àwọn ọmọ kú níbẹ̀, wọ́n sin wọ́n síbẹ̀, láti 2017 ni iléeṣẹ́ ológun ti ń hú egungun àwọn kan tí wọ́n ń dá wọn padà fún ìdílé wọn.

Màámi dákẹ́ nígbà tí mo ka ìyẹn, lẹ́yìn náà wọ́n bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín yẹn tí kì í ṣe ayọ̀. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà ní pírámárì, ẹni tó bá sọ "vernacular" ní kíláàsì á gbé pátákó kọ́rùn títí ẹlòmíì á fi ṣi ọ̀rọ̀ sọ, á wá bọ́ ọ fún onítọ̀hún. Ara Màámi á yá gágá tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹnì kan sọ Yorùbá, torí pátákó wà lọ́rùn wọn. Nígbà táwọn fúnra wọn wá di tíṣà ńkọ́? Wọ́n ní wọ́n gba owó ìtanràn lọ́wọ́ àwọn ọmọ, dájúdájú. "Kí ni mo fẹ́ ṣe? Hẹ́dímásítà ló ní ká gbà á." Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n má fi méjèèjì wé ara wọn, wọ́n tẹnu mọ́ ọn dáadáa. Wọ́n ní àwọn gbé pátákó sílẹ̀ ní aago méjì, àwọn dé ilé bá Yorùbá, bá àmàlà, bá ìyá ìyá àwọn tí kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì kankan. Àwọn ọmọ Carlisle ò rí ilé lọ lálẹ́.

Mo ju fọ́tò puzzle tó ti fẹ́ẹ́ parí sórí WhatsApp àwọn ọ̀rẹ́ wa. Ọ̀kan nínú wọn, Maryland ló ń gbé, ó bú mi dáadáa. Ó ní kí ni mo ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe níwájú ọmọ, ó ní ní July 2025 Department of Homeland Security, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ààbò ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì tó ń wọ̀lú, gbé àwòrán yìí gan-an sórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn pé ogún tó yẹ kéèyàn fi yangàn ni, pé ilẹ̀ ìbí tó yẹ ká gbèjà ni, ó ní ṣé mi ò mọ̀ pé irú èmi tí mo ń bẹ̀rù láti wọ bàálù lọ sílé tí n kò ní rí ọ̀nà padà ni wọ́n ń bá wí? Mo mọ̀. Mo rí i nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ní ìdí, mi ò bá a jiyàn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ fún un ni pé ẹni tó gbé e síbẹ̀ fẹ́ kí n wò ó fún ìṣẹ́jú àáyá méjì kí n sì yí fóònù lọ sókè, èmi ti wò ó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, mo rò pé mo mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ ju òun lọ.

Ohun kan tí Crofutt ò rí sọ ni pé àwọn èèyàn yẹn ò sá wọ òkun. Dallas ò jìnnà sí Oklahoma, tá a bá gba títì I-35 lọ sókè, a ò tíì jìnnà kọjá odò Red River tí àmì Chickasaw Nation, ọ̀kan nínú orílẹ̀ àwọn onílẹ̀ yẹn, á ti yọ sí wa, kàsínò WinStar tó tóbi fàkìàfakia yẹn, àwọn Chickasaw ló ni ín. Láàárín ìlú wa níbí gan-an, nọ́ńbà mọ́tò tí wọ́n kọ Cherokee Nation tàbí Choctaw Nation sí máa ń kọjá lára mi níbi tí mo ti ń ra epo. Ìjọba àpapọ̀ mọ orílẹ̀ wọn tó lé ní 570 lónìí, wọ́n ní ilé ẹjọ́ tiwọn, ọlọ́pàá tiwọn, ilé ìwòsàn. Ìyà tó jẹ wọ́n ò kéré, èmi kọ́ ni mo máa sọ pé gbogbo ẹ̀ ti dáa, ní Wounded Knee ní December 29, 1890 nìkan, ọgọ́rọ̀ọ̀rún Lakota ni ṣọ́jà ìjọba pa, obìnrin àti ọmọdé wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tá a gbé Màámi lọ sí ọ̀nà yẹn lọ́jọ́ kan tí wọ́n rí pátákó Chickasaw, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ṣebí wọ́n ní ìràwọ̀ ti lé wọn lọ?"

Ó tún ku obìnrin kan nínú àwòrán tí mo fẹ́ mẹ́nu kàn, kì í ṣe èyí tó ń fò. Nísàlẹ̀, láàárín àwọn tó ń sá, Gast ya obìnrin onílẹ̀ kan sí ìhòòhò láti ìbàdí sókè. Màámi wò ó, wọ́n wo èyí tó ń fò. Wọ́n ní aṣọ ń bọ́ lára àwọn méjèèjì, ọ̀kan ni wọ́n fi ń pè é ní ẹni tí kò lajú, èkejì ni wọ́n fi ń yà á bí áńgẹ́lì. Láti ìgbà tí mo ti ń ka ohun táwọn ọ̀mọ̀wé kọ nípa àwòrán yìí, mi ò tíì rí èyí tó ṣe ṣókí tó bẹ́ẹ̀.

Ó parí. Bàbá àwọn ọmọ ní ká fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ká fi fírémù sí i, mo ní kò ní ṣeé ṣe nínú ilé mi. Màámi ní kí n tú u ká kí n kó o fún àwọn, pé àwọn fẹ́ kó o lọ sílé, àwọn ọmọ àdúgbò tó máa ń wá ṣe lẹ́sìn lọ́dọ̀ wọn á fi kọ́ sùúrù. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n kọ àlàyé sẹ́yìn páálí ẹ̀ ní Yorùbá, ẹni tí àwọn tó ń sá jẹ́, ẹni tó san owó àwòrán, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹfọ̀n. Wọ́n ní rárá o. Wọ́n ní bí mo bá kọ ọ́ síbẹ̀, àwọn ọmọ á ka àlàyé, wọn ò ní wo àwòrán, àti pé tíṣà tó bá sọ ìdáhùn kó tó bi ìbéèrè, iṣẹ́ kọ́ ló ń ṣe. Mo ní ṣùgbọ́n tí wọn ò bá béèrè ńkọ́, tó bá jẹ́ pé obìnrin aláṣọ funfun yẹn ni wọ́n fẹ́ràn? Wọ́n ní àwọn á wà níbẹ̀. Mo ní ẹ̀yin náà ò ní máa wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, Màámi. Wọ́n ní kí n máà pa àwọn láìtọ́jọ́.

Páálí náà ti wà nínú àpótí wọn báyìí. Mi ò kọ nǹkan kan sẹ́yìn ẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé lọ́tọ̀, mo ká a, mo sì fi sí abẹ́ píìsì, wọn ò tíì rí i.